Bàlúùnù Inú Ikùn: Ẹ Kọ́kọ́ Ṣírò Oṣù Keje

Ẹ̀yin oníṣòwò wa láti Ìjókò títí dé Ṣàngó-Ọ̀tà, ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ owó epo àti iná mọ̀nàmọ́ná sílẹ̀ lónìí, ká sọ̀rọ̀ ara tó ń gbé ọjà náà. Ẹni tó bá ń jókòó nínú ṣọ́ọ̀bù láti àárọ̀ kùtù di alẹ́, tó ń fi búrẹ́dì àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò ṣe oúnjẹ ọ̀sán, ẹni náà kò ní í pẹ́ sanra. Ọ̀pọ̀ wa ṣì ń pe ìyẹn ní àmì pé ọjà ń tà! Ní báyìí, àwọn ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Èkó ti ń fi bàlúùnù sínú ikùn àwọn tó sanra jù, kí wọ́n lè fọn. Mílíọ̀nù náírà ni wọ́n fi ń ka owó rẹ̀. Èrò tèmi ni pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti oge lásán, àmọ́ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń tú owó ọjà ká lé lórí láìṣírò.

Rọ́bà sílíkónì ni bàlúùnù yìí. Wọn kì í la ikùn. Ọ̀nà ẹnu ni wọ́n ń gbà tì í wọlé, pẹ̀lú ẹ̀rọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní kámẹ́rà lórí, wọ́n á wá rọ omi iyọ̀ sí i, bí ìdajì lítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ti gba ààyè oúnjẹ nìyẹn, ebi kò ní í tètè pa onítọ̀hún. Èyí tó wọ́pọ̀ jù máa ń lo oṣù 6 kí wọ́n tó yọ ọ́. Ẹni tó wọn kílò 100 lè fi nǹkan bíi kílò 10 sí 15 sílẹ̀.

Ibi tó ti kàn wá gan-an nìyí. Ọ̀rá inú ikùn kì í jókòó lásán. Ẹ ti rí bí egbò ṣe máa ń wú, tó sì máa ń gbóná. Irú iná bẹ́ẹ̀, èyí tí ojú kò rí, ló ń jó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ nínú ara ẹni tó sanra jù, nítorí àwọn èròjà tí ọ̀rá náà ń tú sínú ẹ̀jẹ̀. Kì í jẹ́ kí ínsúlíìnì ríṣẹ́ ṣe bó ti yẹ. Ṣúgà á pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, ọ̀rá á gun ẹ̀dọ̀, iṣan ẹ̀jẹ̀ á máa bàjẹ́. Bí kílò bá ti ń jábọ́, àyẹ̀wò sábà máa ń fi hàn pé ṣúgà rọlẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru dín kù, èròjà CRP tí àwọn dókítà fi ń díwọ̀n iná náà sì lọ sílẹ̀. Fún ẹni tí àtọ̀gbẹ ti ń kanlẹ̀kùn rẹ̀, èrè gidi ni.

Àmọ́ bí owó tí a yá ni èrè ọ̀hún rí. Bí wọ́n bá yọ bàlúùnù kúrò, ààyè oúnjẹ tún ṣí sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló máa ń gba lára kílò wọn padà, bí kílò bá sì padà, iná náà ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Amẹ́ríkà ti rí i rí. Ní 1985, àjọ FDA wọn, tó dà bíi NAFDAC tiwa, fọwọ́ sí irú bàlúùnù kan. Nígbà tó di 1988, wọ́n ti dáwọ́ títà rẹ̀ dúró, torí ó ń dá ọgbẹ́ sínú ikùn, kò sì fi bẹ́ẹ̀ sàn ju kéèyàn dín oúnjẹ kù lọ. Àwọn tuntun gba àṣẹ ní 2015. Ní 2017, àjọ náà kọ̀wé sí àwọn dókítà nípa ikú èèyàn 5, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò lè sọ pé bàlúùnù ló fà á.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ti oògùn ara ríro. Àwọn wẹ́dà, alábàárù àti ìyá ọlọ́jà wa ń gbé irú ibuprofen mì lálaalẹ́ bí ẹni ń jẹ gúgúrú. Oògùn yẹn àti bàlúùnù kò gbọdọ̀ pàdé nínú ikùn kan, ọgbẹ́ ni wọ́n lè dá síbẹ̀. Ẹ ka gbogbo oògùn tí ẹ ń lò fún dókítà, títí kan àgbo. Ẹni tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ náà, dókítà ní láti máa tún ìwọ̀n rẹ̀ wò bó ṣe ń fọn, kí ṣúgà rẹ̀ má baà já wálẹ̀ jù.

Nítorí náà, kí ẹ tó kó àjọ tàbí kí ẹ tó tọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lọ, ẹ yẹ ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru yín wò ní ilé ìwòsàn ìjọba tó sún mọ́ yín. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti bàlúùnù. Lẹ́yìn náà, ẹ bi àwọn tó fẹ́ fi í sí yín nínú léèrè: ta ni yóò máa tọ́jú mi ní oṣù keje, oúnjẹ wo ni n óò máa jẹ, èló sì ni? Bí wọn kò bá rí èsì fọ̀, ẹ dá owó yín padà sínú ọjà.