Ta Ni Ó Hú Orí Náà Jáde?

Bí ọmọ Òkè-Ògùn bá dé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, adé ọba ni ojú rẹ̀ ń wá. Èmi náà kò yàtọ̀. Nígbà tí mo wọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú Jọ́ọ̀sì, èyí tí Bernard Fagg dá sílẹ̀ tí a sì ṣí ní 1952, ìdí àwọn ère amọ̀ Nok ni mo gbà lọ tààrà, àwọn tí púpọ̀ nínú wọn ti lé ní 2,000 ọdún. Mo káwọ́ sẹ́yìn, mo ń mi orí bí ọlọ́gbọ́n. Ó di ìgbà tí mo jáde, tí mo jókòó sábẹ́ igi, kí ìbéèrè kan tó gún mi lọ́kàn: ta ni ó hú àwọn ère wọ̀nyí jáde?

Kì í ṣe ẹni tí ń wá ère kiri ni ó rí wọn. Níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń wa tánganran ni wọ́n ti jáde. Ní 1928 ni a rí ti àkọ́kọ́ ní Nok. Orúkọ ọ̀gá ibi ìwakùsà náà, Dent Young, kò sì sọnù nínú ìtàn. Ní 1943, wọ́n tún rí orí mìíràn nítòsí Jemaa. Òṣìṣẹ́ kan gbé e lọ sí oko iṣu, ó fi í lé ẹyẹ. Odidi ọdún kan ni orí náà fi ṣọ́ oko kí ó tó dé ọwọ́ Fagg. Lónìí, Fagg ní orúkọ, orí náà pàápàá ní orúkọ, Orí Jemaa ni ayé ń pè é. Nínú gbogbo ohun tí mo kà, olóko iṣu nìkan ni kò ní orúkọ.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ má gbàgbé irú ọdún tí 1943 jẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1942 ni àwọn ará Japan gba Malaya lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, orísun tánganran ńlá sì bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ni ìjọba amúnisìn bá fipá kó àwọn àgbẹ̀ Àríwá lọ sórí òkè Jọ́ọ̀sì. Títí di 1944, iye àwọn tí wọ́n kó tó nǹkan bí 100,000. Òtútù, ebi àti àìsàn pa púpọ̀ nínú wọn. Ṣáájú ìgbà náà àti lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀pọ̀ ni ó fi ẹsẹ̀ ara wọn lọ, nítorí owó orí àti owó ìyàwó. Àwọn Yorùbá náà bá ojú irin gòkè lọ: oníṣòwò, télọ̀, akọ̀wé. Àní, ọ̀rọ̀ kùsà tí ó wà lẹ́nu wa jọ kuza, orúkọ tí Hausa ń pe tánganran. Lójú tèmi, àwọn arìnrìn-àjò ni wọ́n gbé e wálé. Ọ̀rọ̀ wọn wà lẹ́nu wa. Àwọn fúnra wọn kò sí nínú ìtàn wa.

Mo gbé ìbéèrè yìí dé Okaka. Ìpàdé ìlú ni a wà, a ń jíròrò ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kékeré kan tí a fẹ́ kọ́. Wọ́n ka ohun tí yóò wà níbẹ̀: adé, ọ̀pá àṣẹ, ìlù, ẹ̀wù ọdẹ, fọ́tò ọba. Mo ní kí a fi yàrá kan sílẹ̀ fún àwọn tí ó lọ wa kùsà ní Jọ́ọ̀sì àti dáyámọ́ǹdì ní Akwatia, ní ilẹ̀ Gánà. Bàbá àgbàlagbà kan wò mí títí.

'Ọmọ mi,' ni wọ́n wí, 'ṣé ṣọ́bìrì ni a ó gbé sínú gíláàsì? A kì í ṣí egbò han àlejò.'

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Mo dákẹ́ níbẹ̀, nítorí àgbà ni wọ́n. N kò ní dákẹ́ níhìn-ín.

Lọ́nà kìíní, ta ni ó sọ pé egbò ni? Bàbá tí ó bí mi wà nínú àwọn tí ó lọ sí Akwatia. Owó ṣọ́bìrì ni wọ́n fi kan páànù sórí ilé wa. Òun náà ni ó rán mi lọ sí ilé-ìwé tí mo fi lè kọ ohun tí ẹ ń kà yìí. Bí ìtìjú bá wà nínú ọ̀rọ̀ náà, tèmi tí mo jẹ nínú èrè rẹ̀ tí mo sì fẹ́ fi í pamọ́ ni. Ohun tí a bá ní ni à ń náání; ọmọ aṣẹ́gità ń náání èèpo igi.

Lọ́nà kejì, egbò tí a bò mọ́lẹ̀ kì í jinná. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àpótí páànù kan ṣoṣo ni bàbá mi gbé wálé. Ní ogún ọdún géérégé ṣáájú, ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá 1949, ọlọ́pàá yìnbọn pa òṣìṣẹ́ 21 tí ń wa èédú ní Iva Valley, ní Enugu. Kí a má sì pe ara wa ní ẹni mímọ́: ní oṣù kìíní 1983, ìjọba tiwa náà lé àjèjì tí ó lé ní mílíọ̀nù kan jáde, àwọn ará Gánà ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn. Títí di òní ni a ń pe àpò kan ní 'Ghana Must Go', tí a ń rẹ́rìn-ín. Ìlú tí ó bá gbàgbé àpótí 1969 ni yóò máa fi àpò 1983 ṣe yẹ̀yẹ́.

Ẹni tí ó bá sì sọ pé ohun yẹpẹrẹ kò yẹ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, kí ó wo Lwandle, lẹ́bàá Cape Town. Ní ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún 2000, a ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan níbẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ tí ó ti ìgbèríko wá ṣiṣẹ́ lábẹ́ ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Wọ́n dá ọ̀kan sí nínú àwọn ilé tí òṣìṣẹ́ ń sùn sí, kí ayé lè fojú rí bí wọ́n ti há mọ́ra. Kì í ṣe adé ni ènìyàn ń bá lọ síbẹ̀.

N kò sọ pé kí a má tọ́jú adé. Ṣùgbọ́n ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí kò ní ju adé lọ, ààfin kejì ni. A sì ti ní ààfin. Yàrá kan ṣoṣo ni mo ń tọrọ: fún lẹ́tà, káàdì iṣẹ́, àtùpà, ṣọ́bìrì, ohùn àwọn tí ó ṣẹ́kù, àti orúkọ àwọn tí kò padà wálé. Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ogún ọdún ní 1969 ti lé ní àádọ́rin lónìí. Ikán kò ní dúró de ìpàdé wa, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ń ti ọmọlanke kiri ra irin àlòkù.

Àpótí bàbá mi ṣì wà lábẹ́ ibùsùn mi. Wọ́n fi ọ̀dà funfun kọ orúkọ wọn sí ara rẹ̀, wọ́n sì kọ Okaka sí ìsàlẹ̀. Ọjọ́ tí ìlú bá ṣetán, n ó gbé e wá, kí ọmọ tí yóò wò ó lọ́la má baà jókòó sábẹ́ igi, kí ó máa béèrè pé ta ni ó ni ín.