Àgékù Pátákó Kì Í Ṣe Igi Ìdáná Nìkan

Ọ̀rọ̀ àpótí ìjókòó ni mo mú wá lọ́tẹ̀ yìí. Owó àga kò rọrùn, bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí ọmọ máa jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kàwé. Ẹni tí ó ń kọ́lé, tàbí tí ilé ìlagi wà ládùúgbò rẹ̀, kì í wá àgékù pátákó tì. Ẹ má kánjú kó gbogbo rẹ̀ sábẹ́ ìkòkò. Ṣùgbọ́n ẹ má sì kánjú kan ìṣó mọ́ ọn. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Èkíní, ẹ wo irú igi tí ó jẹ́. Ìrókò àti igi apá le, ikán kì í tètè mú wọn. Arère fúyẹ́, kì í yọ ayùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n ikán àti kòkòrò fẹ́ràn rẹ̀. Bí ẹ bá fi ṣe pẹpẹ ìwé lára ògiri, ó dára. Bí ẹ bá fi ṣe ẹsẹ̀ bẹ́ńṣì tí ó ń kan ilẹ̀, ikán ni ẹ se àsè fún.

Èkejì, ẹ wádìí ibi tí ó ti wá. Pátákó tí wọ́n fi da kọnkéré a máa ní ìṣó nínú. Ẹ yọ ọ́ tán kí ayùn tó kàn án. Èyí tí ó gbé ẹrù ti òkè òkun wá sábà máa ń ní òǹtẹ̀. Bí ẹ bá rí HT, ooru ni wọ́n fi pa kòkòrò inú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ MB, gáàsì olóró tí ń jẹ́ methyl bromide ni wọ́n fín sí i. Ẹ fi í sílẹ̀. Èyí tí a ti fi ọ̀dà kùn láti ọjọ́ pípẹ́, ẹ má ṣe fá a nínú ilé. Òjé a máa wà nínú irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀, eruku rẹ̀ a sì máa ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Ẹ má sì fi irú igi méjèèjì yìí dáná oúnjẹ.

Ẹ̀kẹta, ẹ wo ìlà ara igi. Ní ẹsẹ̀ àpótí, kí ìlà náà dúró láti òkè dé ilẹ̀. Bí ó bá dùbúlẹ̀, ọjọ́ tí àgbàlagbà bá jókòó lé e ni yóò là.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a kan àpótí. Pátákó tí ó nípọn tó íǹṣì 1 ni kí ẹ lò. Orí rẹ̀, íǹṣì 14 ní gígùn, 9 ní fífẹ̀. Ẹsẹ̀ méjì, íǹṣì 9 ní gíga, 8 ní fífẹ̀. Ìdábùú kan, íǹṣì 10 ní gígùn, 3 ní fífẹ̀. Ẹ na ìdábùú náà sáàárín ẹsẹ̀ méjèèjì, kí ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ó sì kan orí lábẹ́. Ẹ kan ẹsẹ̀ mọ́ ọn, kí ẹ wá kan orí mọ́ gbogbo rẹ̀. Orí yóò yọ íǹṣì kan síta lọ́tùn-ún àti lósì. Ìdábùú yìí ni kì í jẹ́ kí àpótí yẹ̀ gẹ̀rẹ̀. Ìṣó íǹṣì méjì ààbọ̀ tó. Ẹ fi òòlù lu ẹnu rẹ̀ kí ó kú díẹ̀, kí ó má baà la igi.

Ẹ gé igun rẹ̀ kúrò, ẹ gbo ó kí ó dán. Bí ó bá ń mì, ẹ fá ẹsẹ̀ tí ó gùn jù. Ẹ má ki bébà sábẹ́ rẹ̀. Kí àgbà kọ́kọ́ jókòó lé e kí ọmọ tó jókòó.

Èmi kò ní kí ẹ gba oúnjẹ lẹ́nu káfíńtà o. Tirẹ̀ ni ilẹ̀kùn àti bẹ́ẹ̀dì. Ṣùgbọ́n àpótí ìdí ọjà àti ti ìdí ààrò, ọwọ́ yín ká a. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.