Fóònù Ọmọ Tó Fẹ́ Fi Eré Sísá Wọ Yunifásítì Amẹ́ríkà

Nígbà tí ìpínlẹ̀ Ògùn gbàlejò ìdíje eré ìdárayá gbogbo Nàìjíríà, èyí tí wọ́n pè ní Gateway Games, ní oṣù Karùn-ún, ọdún 2025, pápá ìṣeré MKO Abíọ́lá ní Kútọ̀, l'Abẹ́òkúta, ni ojúkò rẹ̀. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, àwọn ọ̀dọ́ láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè Áfíríkà tún kóra jọ sí Abẹ́òkúta fún ìdíje eré orí pápá àwọn tí ọjọ́ orí wọn kò tíì pé 18 àti 20. Ohun tí ọ̀pọ̀ òbí nílẹ̀ Ẹ̀gbá kò fọkàn sí ni pé akọ́nimọ̀ọ́gbá tó ń wá ọmọ fún yunifásítì Amẹ́ríkà kò ní láti wọkọ̀ òfúrufú dé Kútọ̀ kó tó rí ẹni tó ń sáré. Orí fóònù ló ti ń wò ó.

Bẹ́ẹ̀ kọ́ lọ̀rọ̀ rí tẹ́lẹ̀. Nígbà tí Falilat Ògúnkọ̀yà, ọmọ ìpínlẹ̀ Ògùn tó gba àmì-ẹ̀yẹ bàbà nínú eré 400 mítà ní Atlanta lọ́dún 1996, fi lọ sí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Mississippi, kò sí Facebook, kò sí Instagram. Àbájáde ìdíje àti ẹnu ẹni tó mọni ló ń ṣe alágbàwí. Tobi Amúsàn, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, dé Yunifásítì Texas tó wà ní El Paso lọ́dún 2016. Lọ́dún 2017 ó gba ipò kìíní láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì Amẹ́ríkà nínú eré 100 mítà tí wọ́n ti ń fo igi. Ní 2022 ó sá eré náà ní ìṣẹ́jú àáyá 12.12, tí ẹnikẹ́ni kò sá rí láyé. Ọ̀nà tó gbà lọ ni ọ̀pọ̀ ọmọ ń wò lónìí.

Ẹni tó bá wo fọ́nrán eré ọmọ kan tán kì í dúró níbẹ̀, yóò wo ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Lọ́dún 2012, Yunifásítì Michigan jáwọ́ lọ́rọ̀ ọmọ kan tó mọ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà gbá dáadáa ní New Jersey, nítorí ìsọkúsọ tó kọ sórí Twitter. Ilé-ẹ̀kọ́ girama rẹ̀ pàápàá lé e. Lọ́dún 2017, Harvard gba ìwé ìgbaniwọlé padà lọ́wọ́ àwọn ọmọ tí kò dín ní mẹ́wàá nítorí yẹ̀yẹ́ burúkú tí wọ́n ń ṣe láàárín ara wọn lórí Facebook. Wọ́n rò pé àwọn nìkan ló ń rí i.

Ti ọ̀dọ̀ wa tún ní àbùdá tirẹ̀. Ọmọ kan yóò gbé ìdì owó sétí bíi fóònù, yóò ya fọ́tò. Owó náà lè jẹ́ ti ẹ̀gbọ́n ọ̀rẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ni ẹni tó wà ní Texas fẹ́ fi mọ̀? Àìmọye ìgbà ni àjọ EFCC ti kó àwọn ọ̀dọ́ l'Abẹ́òkúta lórí ẹ̀sùn jìbìtì orí ayélujára, ìròyìn rẹ̀ sì wà lórí ayélujára kan náà fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kà á. Òmíràn yóò gbé ìwé tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù tó jẹ sójútáyé. NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá ní ọ̀pọ̀ yunifásítì Amẹ́ríkà, kò gbà kí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣeré fún wọn ta irú tẹ́tẹ́ bẹ́ẹ̀.

Èyí tó le jù ni ti ọjọ́ orí. Ọmọ yóò ṣe ọjọ́ ìbí, wọn yóò kọ 20 sórí àkàrà òyìnbó, àwọn ọ̀rẹ́ yóò kí i lórí Facebook, nígbà tí ìwé tó fi wọ ìdíje ń sọ pé ọmọ ọdún 17 ni. Ká sòótọ́, ọmọ kọ́ ló sábà ń dín ọjọ́ orí ara rẹ̀ kù. Àgbàlagbà tó fẹ́ kó gba ife-ẹ̀yẹ wálé ló máa ń wà nídìí ẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ ọmọ ló wà lórí ìwé.

Èyí kò ní kí ọmọ di odi. Ní oṣù Keje 2024, Favour Ofili lọ sórí X láti sọ fáráyé pé wọn kò fi orúkọ òun sílẹ̀ fún eré 100 mítà ní Paris, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó kúnjú òṣùwọ̀n. Ó dárúkọ àwọn àjọ tọ́rọ̀ kàn, ó béèrè pé kí wọ́n wá ṣàlàyé. Kò sẹ́ni tó lè ka ìyẹn sí ìwà pálapàla.

Àwọn kan ń sọ pé kí ni gbogbo wàhálà yìí wà fún, nígbà tí àṣẹ tí Ààrẹ Donald Trump fọwọ́ sí ní oṣù Kejìlá 2025 ti dá físà akẹ́kọ̀ọ́ dúró fún àwọn ọmọ Nàìjíríà láti ọjọ́ kìíní, oṣù Kìíní, 2026, àyàfi àwọn díẹ̀ tó yọ sílẹ̀. Òótọ́ ni pé ilẹ̀kùn há. Ṣùgbọ́n àṣẹ ìjọba lè yí padà, ohun tí ọmọ kọ kì í sì í fìgbà gbogbo pa rẹ́, nítorí ẹlòmíràn ti lè yà á pamọ́. Láti ọdún 2019 ni fọ́ọ̀mù físà Amẹ́ríkà ti ń béèrè gbogbo orúkọ tí ènìyàn lò lórí irú ìkànnì bẹ́ẹ̀ láàárín ọdún márùn-ún sẹ́yìn. Ní oṣù Kẹfà 2025, wọ́n tún ní kí àwọn tó ń wá físà akẹ́kọ̀ọ́ ṣí ojú ìwé wọn sílẹ̀ gbayawu kí wọ́n lè yẹ̀ ẹ́ wò. Ọmọ ọdún 17 tó bá ń kọ fọ́ọ̀mù náà yóò dárúkọ ojú ìwé tó ń lò nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 12, nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé girama, tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀ pé ó lè sáré.