King Tí Kò Bí Ẹnikẹ́ni Nínú

Ní ọjọ́ Ajé kẹta nínú oṣù kìn-ín-ní ọdọọdún, báńkì kì í ṣí ní Amẹ́ríkà, ilé ìfìwéránṣẹ́ kì í ṣí, àwọn ọmọ ilé ìwé a sùn títí ilẹ̀ yóò fi mọ́ kedere. Ìrántí Martin Luther King ni, pásítọ̀ tó ṣíwájú ìjà ẹ̀tọ́ àwọn adúláwọ̀. Ní Atlanta, níbi tí wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 15 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1929, ìsìn ńlá a máa wáyé ní ìjọ onítẹ̀bọmi Ebenezer, tí òun àti bàbá rẹ̀ jọ ṣe pásítọ̀ rẹ̀. Ní San Antonio, ní ìpínlẹ̀ Texas, èrò a bo títì, tọmọdé tàgbà a jọ fẹsẹ̀ rìn. Níbi tí kò bá sí ìrìn, wọn a ṣètò oúnjẹ àárọ̀ nínú gbọ̀ngán ńlá: gómìnà a jókòó síwájú, ọ̀gá báńkì a jókòó tì í, ọ̀gá ọlọ́pàá náà kò ní gbẹ́yìn. Ẹgbẹ́ akọrin a kọrin, ọmọ kékeré kan a ka díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ tí King sọ ní Washington ní 1963, gbogbo ilé a pàtẹ́wọ́, oníkálukú a sì gba ilé rẹ̀ lọ tayọ̀tayọ̀. Kò sí ẹni tí inú bí.

Ó yẹ kí ìyẹn kọ àwọn tó ń ṣètò ayẹyẹ náà lóminú. Nígbà tí King wà láàyè, ṣàṣà ni ibi tó dé tí inú kì í bí ènìyàn. Wọ́n ju bọ́ǹbù sí ilé rẹ̀ ní Montgomery ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1956, nígbà tí àwọn adúláwọ̀ ìlú náà kọ̀ tí wọn kò wọ bọ́ọ̀sì mọ́ nítorí ìyàsọ́tọ̀. Àwọn agbófinró FBI ń yọ́ tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ tó ń sọ lórí tẹlifóònù. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Gallup bi àwọn ará Amẹ́ríkà ní 1966 nípa ojú tí wọ́n fi ń wò ó, 63 nínú ọgọ́rùn-ún ló sọ pé àwọn kò gba tirẹ̀. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹrin ọdún tó tẹ̀ lé e, ó dúró ní ìjọ Riverside ní New York, ó bẹnu àtẹ́ lu ogun Vietnam. Àwọn ìwé ìròyìn ńlá tó ti máa ń yìn ín kọjú sí i, àwọn adúláwọ̀ kan tí wọ́n jọ ń jà fún ẹ̀tọ́ pàápàá ní ọ̀rọ̀ ogun kò kàn án. Lónìí, ère olókùúta rẹ̀ ti dúró gbagidi ní Washington láti ọdún 2011, ó ga ju ilé alájà kan lọ. Ọjọ́ a bá kú là ń dère, ènìyàn ò sunwọ̀n láàyè.

Síbẹ̀, ọjọ́ ìsinmi náà kò jábọ́ láti ọ̀run. Ìjà ni wọ́n fi gbà á. Ọjọ́ mẹ́rin péré lẹ́yìn tí wọ́n yìnbọn pa King ní 1968 ni John Conyers, aṣòfin láti Michigan, gbé àbádòfin rẹ̀ wá sí ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin. Wọ́n tẹ́ ẹ sùn. Conyers ń jí i, wọ́n ń tẹ́ ẹ padà. Coretta, opó King, ń rìn láti ìlú dé ìlú. Olórin Stevie Wonder kọ orin lé e lórí. Wọ́n kó ìwé ẹ̀bẹ̀ tí mílíọ̀nù mẹ́fà ènìyàn fọwọ́ sí jọ. Ní 1979, ìbò márùn-ún péré ni kò jẹ́ kó wọlé nílé aṣojú-ṣòfin. Àwọn kan ní yóò ná ìjọba lówó jù. Jesse Helms, sẹ́nétọ̀ láti North Carolina, ní àwọn kọ́múníísì ni King bá rìn. Ó di 1983 kí ilé méjèèjì tó gbà, kí Ààrẹ Ronald Reagan, tí kò kọ́kọ́ fẹ́ ẹ, tó fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 2 oṣù kọkànlá. Ọdún 1986 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é. Arizona kọ̀ ọ́. Nígbà tí àwọn olùdìbò ìpínlẹ̀ náà tún ní àwọn kò ṣe ní 1990, àwọn aláṣẹ bọ́ọ̀lù NFL gbé ìdíje Super Bowl ti 1993 kúrò lọ́dọ̀ wọn lọ sí California. Ní 1992, wọ́n tún ìbò dì, wọ́n sì gbà. South Carolina kò sọ ọ́ di ìsinmi ọ̀ranyàn fún òṣìṣẹ́ ìjọba títí di ọdún 2000. Ní Alabama àti Mississippi, ọjọ́ kan náà ni wọ́n fi ń ṣe ìrántí King àti Robert E. Lee, ọ̀gágun àwọn tó jagun kí oko ẹrú má baà parẹ́. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń gba àdúrà kan ṣoṣo lé àwọn méjèèjì lórí, kó wá ṣàlàyé.

Ìjà lórí pé kí ọjọ́ náà wà ti parí. Èyí tó kù ni ohun tí wọ́n ń fi ọjọ́ náà ṣe, òun ni kò sì sí ẹni tó ń pariwo rẹ̀. Ní 1994, àwọn aṣòfin, tí John Lewis tó bá King rìn wà níwájú wọn, ṣe òfin tó sọ ọ́ di ọjọ́ iṣẹ́ ìrànwọ́ fún ará àdúgbò. Èrò rere ni. Láti ìgbà náà, àwọn ọ̀dọ́ a máa kun ògiri ilé ìwé, wọn a ṣa ìdọ̀tí etí odò, wọn a di oúnjẹ sínú àpò fún àwọn tí ebi ń pa. Ta ni yóò bá wọn wí? Àmọ́ ẹni tó bá pín oúnjẹ lọ́jọ́ King, tí kò béèrè ìdí tí ebi fi ń pa ẹni tó níṣẹ́ lọ́wọ́, ìdajì iṣẹ́ ló ṣe, èyí tó rọrùn níbẹ̀ ló sì mú.

Memphis ni a ti rí ìdajì kejì. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kejì ọdún 1968, òjò ń rọ̀ ní ìlú náà. Àwọn akólẹ̀kódọ̀tí méjì, Echol Cole àti Robert Walker, sá sí ẹ̀yìn ọkọ̀ ìdọ̀tí, torí kò sí ibi tí wọ́n gbà kí irú wọn yà sí ní àdúgbò tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ tó ń fún ìdọ̀tí pọ̀ nínú ọkọ̀ náà ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó sì fún àwọn méjèèjì pa. Ó ti pẹ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń kígbe pé ọkọ̀ náà ti gbó. Kò sí owó adójútòfò kankan fún ẹbí wọn. Iye tí wọ́n ń san fún irú wọn kò tó dọ́là 2 ní wákàtí kan, débi pé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ látàárọ̀ ṣúlẹ̀ ṣì ń wá ìrànwọ́ ìjọba kí ọmọ rẹ̀ tó jẹun. Bí òjò bá dá iṣẹ́ dúró, wọn a ní kí adúláwọ̀ máa lọ sílé láìgba owó rẹ̀ pé. Òyìnbó tó jẹ́ ọ̀gá a jókòó, a gba tirẹ̀ pé.

Nígbà tó di ọjọ́ 12 oṣù náà, òṣìṣẹ́ bí 1,300 daṣẹ́ sílẹ̀. Henry Loeb, méyọ̀ ìlú, ní ìyanṣẹ́lódì náà kò bófin mu, òun kò sì ní bá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kankan jókòó. Lára páálí tí wọ́n gbé kọ́rùn, wọn kò kọ iye owó kankan sí i. Ohun tí wọ́n kọ ni pé ọkùnrin làwọn, torí ọmọdé ni òyìnbó máa ń pè wọ́n, bí orí wọn tilẹ̀ ti hewú. James Lawson, pásítọ̀ kan nílùú náà, ránṣẹ́ pe King. Àwọn tó ń bá King ṣiṣẹ́ kò fẹ́ kó lọ. Ó ń múra láti kó àwọn tálákà gbogbo ẹ̀yà lọ sí Washington, wọ́n sì ní Memphis yóò fà á sẹ́yìn. Ó lọ. Ìrìn tó kó wọn rìn ní ọjọ́ 28 oṣù kẹta dàrú, ọlọ́pàá yìnbọn pa ọmọ ọdún 16 kan lọ́jọ́ náà. Ó tún padà wá. Lálẹ́ ọjọ́ 3 oṣù kẹrin, ó bá wọn sọ̀rọ̀ ní Mason Temple bí ìjì ti ń jà níta. Ní aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú kan nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ìbọn bà á ní báńkónì hòtẹ́ẹ̀lì Lorraine. Ọmọ ọdún 39 ni. Ọjọ́ 16 oṣù kan náà ni ìjọba ìlú gba ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wọlé.

Nídìí owó-iṣẹ́ ni King kú sí. Kò sì jẹ́ tuntun lẹ́nu rẹ̀. Ìrìn Washington ti 1963 tí gbogbo ayé ń rántí, iṣẹ́ àti òmìnira ni wọ́n fi sọrí rẹ̀, iṣẹ́ ló sì ṣíwájú. Nínú ohun tí wọ́n béèrè ni pé kí owó-iṣẹ́ tó kéré jù jẹ́ dọ́là 2 ní wákàtí kan, nígbà tó jẹ́ pé $1.15 ni òfin sọ. Ọmọ tó ń ka ọ̀rọ̀ King nínú gbọ̀ngán kò ka ohun tí wọ́n béèrè yìí rí. Ẹni tó kọ́ ọ lọ́rọ̀ ni kò fún un kà.

Memphis fúnra rẹ̀ kò ṣàì mọ ìrántí ṣe. Hòtẹ́ẹ̀lì Lorraine ti di ilé àkójọpọ̀ ìtàn láti 1991, wọ́n sì máa ń pààrọ̀ òdòdó tó wà níwájú yàrá 306 ní ọjọ́ 4 oṣù kẹrin. Ṣùgbọ́n àwọn tó yanṣẹ́ lódì ní 1968 ńkọ́? Wọn kò ní owó ìfẹ̀yìntì lọ́dọ̀ ìjọba ìlú. Èyí tí ìjọba àpapọ̀ ń san fún àwọn arúgbó tó ti ṣiṣẹ́ ni wọ́n gbójú lé, kò sì gbé wọn ró. Nínú wọn, a rí ẹni tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún tó ṣì ń bá ọkọ̀ ìdọ̀tí jáde. Ó di 2017, nígbà tí àádọ́ta ọdún ikú King ku ọ̀la, kí ìgbìmọ̀ ìlú tó dìbò pé kí wọ́n fún àwọn ìba díẹ̀ tó ṣẹ́ kù láyé ní $50,000 ẹnì kọ̀ọ̀kan. Oṣù kìn-ín-ní ti wá, ó ti lọ ju ọgbọ̀n ìgbà lọ láàárín ọjọ́ ìsinmi àkọ́kọ́ àti ìgbà náà. Ẹ wo iye orin tí wọn yóò ti kọ.

Àwọn tó ń ṣètò ayẹyẹ ní àwíjàre, kò sì ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Wọ́n ní bí àwọn bá dá ọ̀rọ̀ owó-iṣẹ́ àti ìbò sílẹ̀, ilé iṣẹ́ tó ń gbówó kalẹ̀ yóò kó owó rẹ̀, ìdajì ìlú yóò jókòó sílé, ọjọ́ náà yóò sì di ti ẹgbẹ́ òṣèlú kan. Òótọ́ ni pé bí kò bá sí ìfọwọ́sowọ́pọ̀ ẹgbẹ́ méjèèjì, òfin 1983 kì bá tí wọlé. Sẹ́nétọ̀ 78 nínú 100 ló dìbò fún un. Àmọ́ ẹ wo ibi tí ìtìjú yìí gbé wọn dé. Ní 2013, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ gé eyín òfin ìdìbò 1965, òfin tí wọ́n tìtorí rẹ̀ lu àwọn ènìyàn King ní ìlú Selma, ní Alabama. Olóṣèlú tó yọ̀ sí ìdájọ́ náà lọ́dún yẹn tún ń gbé ọ̀rọ̀ King sórí Facebook lóṣù kìn-ín-ní, kò sì sí ẹni tó bi í léèrè. Bó bá jẹ́ pé ohun tí ìṣọ̀kan náà ń rà fún ìlú nìyẹn, ó wọ́n jù.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Yorùbá tó wà ní Amẹ́ríkà ju bí ọ̀pọ̀ wọn ti rò lọ. King wá sí Èkó ní oṣù kọkànlá ọdún 1960, nígbà tí wọ́n ń búra fún Nnamdi Azikiwe gẹ́gẹ́ bíi gómìnà àgbà Nàìjíríà. Èyí tó tún ṣe pàtàkì ju ìyẹn lọ ni òfin tó ń darí ẹni tó lè wọ Amẹ́ríkà. Láti 1924, orílẹ̀-èdè tí a bí ènìyàn sí ni wọ́n fi ń pín àyè, bíńtín ni wọ́n sì yà sọ́tọ̀ fún Áfíríkà. Ìjà ẹ̀tọ́ àwọn adúláwọ̀ ló sọ irú ìpín bẹ́ẹ̀ di ohun ìtìjú. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹwàá ọdún 1965, oṣù méjì lẹ́yìn òfin ìdìbò, Ààrẹ Lyndon Johnson fọwọ́ sí òfin tó fagi lé e. Yorùbá tó ń gbé Houston, Atlanta, Chicago tàbí Maryland lónìí, ẹnu ọ̀nà yẹn ni púpọ̀ nínú wọn tàbí òbí wọn gbà wọlé.

Kí ni wọ́n wá ń fi ọjọ́ náà ṣe? Òde ni. Nígbà tí Ọjọ́ Ajé bá ti jẹ́ ìsinmi, alẹ́ Ọjọ́ Àìkú di àǹfààní fún aṣọ ẹbí àti ìnáwó títí di ìdájí. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n lára àwọn tó ń jó lálẹ́ ọjọ́ náà ni àwọn obìnrin tó ń tọ́jú arúgbó fún owó wákàtí, àwọn ọkùnrin tó ń wa ọkọ̀ ẹrù, tí wọ́n gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́ kí aago méje àárọ̀ tó lù. Òfin kò fi dandan mú ilé iṣẹ́ aládàáni láti fún wọn ní ìsinmi. Àwọn wọ̀nyí gan-an ni King ń bá rìn nígbà tó kú.

Nítorí náà, kí àwọn ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí tó ní gbọ̀ngán ṣí i sílẹ̀ lọ́jọ́ náà: kí agbẹjọ́rò wá ṣàlàyé owó àṣekún iṣẹ́ fún àwọn olùtọ́jú arúgbó, kí àwọn tó di ọmọ orílẹ̀-èdè náà forúkọ sílẹ̀ láti dìbò, kí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wá sọ tẹnu rẹ̀. Ní ti oúnjẹ àárọ̀ ńlá, kí ilé iṣẹ́ tó bá fẹ́ kí orúkọ òun wà nínú ìwé ètò kọ iye tó ń san fún òṣìṣẹ́ rẹ̀ tó kéré jù sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ náà. Kí akólẹ̀kódọ̀tí kan sì gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn kí gómìnà tó gbà á.

Owó-iṣẹ́ tó kéré jù lọ lábẹ́ òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà jẹ́ $1.60 ní wákàtí kan lọ́dún tí King kú. Ó di $7.25 ní oṣù keje ọdún 2009, wọn kò sì fi kọ́bọ̀ kún un láti ìgbà náà. Ìpínlẹ̀ Tennessee, níbi tí Memphis wà, kò ní òfin owó-iṣẹ́ tirẹ̀, $7.25 náà ni wọ́n ń lò níbẹ̀.