Mo ti sanwó áàpù, ṣé mo tún ní láti yá ojú ẹlòmíràn ni?

Gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọjà Aswani ní Ìsọlọ̀ máa ń kún fọ́fọ́. Ẹni tó bá ti ná ọjà náà rí mọ̀ pé kò sí àyè láti dúró ronú níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì ṣíìtì ni mo ń tà. Mi ò ríran. Glaucoma ló gba ojú mi nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún 19, àmọ́ ọwọ́ mi mọ aṣọ. Ẹ kó òwú gidi àti ayédèrú síwájú mi, màá kàn fọwọ́ rá a báyìí ni, màá sọ èyí tó jẹ́ ojúlówó fún yín.

Ohun tí ọwọ́ mi ò lè mọ̀ ni ẹni tó jẹ mí lówó. Ìdí nìyẹn tí mo fi ra áàpù kan tó máa ń kọ ọjà tí mo tà sílẹ̀, iye tí oníbàárà san, àti gbèsè tó kù. Kì í ṣe ọ̀fẹ́ o. Owó ọdún kan gbáko ni mo san. Kí n tó sanwó, mo kọ́kọ́ dán an wò fún ọjọ́ mélòó kan, ohùn tó ń ka nǹkan fún mi lórí fóònù sì ń pe gbogbo bọ́tìnì rẹ̀ ketekete. Inú mi dùn. Fún oṣù mẹ́ta, mi ò bi ẹnikẹ́ni ní "ta ló jẹ mí, èló ló jẹ mí?"

Oṣù kẹrin ni wàhálà dé. Àwọn tó ni áàpù náà ṣe update, wọ́n ní àwọn ti tún un ṣe kó lè rẹwà sí i. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, mo ṣí i, mo fọwọ́ kan ibi tí mo máa ń tẹ̀. Ohùn náà ní: "Bọ́tìnì, kò lórúkọ." Mo sún sí ẹ̀gbẹ́. "Bọ́tìnì, kò lórúkọ." Bọ́tìnì mẹ́fà ni mo kà, kò sí èyí tó lórúkọ nínú wọn. Mo mọ̀ pé ọ̀kan nínú wọn ló ń pa àkọsílẹ̀ rẹ́. Èwo ni? Ẹ̀rù ò jẹ́ kí n tẹ ìkankan.

Ibẹ̀ ni mo wà tí ìyá kan fi dé. "Bọ̀ọ̀dá, mo ti san tèmi lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò." Kí ni mo fẹ́ yẹ̀ wò? Mo ní, "Ó dáa, Ìyá, ẹ ṣeun." Títí di òní, mi ò mọ̀ bóyá ó san án lóòótọ́.

Mo pe àwọn tó ni áàpù. Ọmọbìnrin tó gbé e níwà gan-an. Ó fi sùúrù gbọ́ mi, ó bẹ̀ mí, ó wá béèrè pé: "Sà, ṣé kò sí ẹnì kan tó ríran nítòsí tó lè máa bá yín tẹ̀ ẹ́?"

Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló gbé mi dé ibi tí mo ti ń kọ èyí.

Ẹni tó ríran wà nítòsí o. Ọmọ tó ń tajà ní ìsọ̀ kejì, ọmọ dáadáa ni. Àmọ́ bí òun bá ń bá mi tẹ̀ ẹ́, òun ló máa mọ iye tí mo pa lónìí, òun ló máa mọ ẹni tó jẹ mí lówó, òun ló sì máa mọ nọ́ńbà àṣírí tí mo fi ń ṣí i. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ta ni nínú yín ló máa fún ọmọ ìsọ̀ kejì ní PIN? Kódà, àwọn mìíràn wà tí aya wọn ò mọ̀ ọ́n! Ìrànlọ́wọ́ dára, àmọ́ ìrànlọ́wọ́ tí mi ò lè kọ̀ ti kúrò ní ìrànlọ́wọ́. Ó ti di pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni àpò mi wà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe ń ṣiṣẹ́, torí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé afọ́jú ò lè lo fóònù rárá. TalkBack wà nínú èyí tó pọ̀ jù lára àwọn fóònù Android. VoiceOver wà nínú iPhone láti ọdún 2009. Mo fọwọ́ kan nǹkan, ohùn kà á fún mi. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó ṣí. Ó tán. Àmọ́ fóònù ò lè pe orúkọ tí wọn ò sọ ọ́. Bí ẹni tó kọ áàpù bá ya àwòrán ìkólẹ̀sí sórí bọ́tìnì, tí kò wá kọ "pa á rẹ́" sí abẹ́ rẹ̀ nínú kóòdù, bọ́tìnì lásán ni fóònù máa pè é. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìlà kóòdù kan ṣoṣo ni orúkọ yẹn. Ìlà kan yẹn ló wà láàárín èmi àti owó mi.

Kì í sì í ṣe áàpù kan yẹn nìkan. Áàpù owó wà tó máa ní kéèyàn gbé ojú sínú òbìrí kan, tí kò ní sọ bóyá ojú ọ̀hún wà lápá ọ̀tún tàbí lápá òsì. Òmíràn á fi nọ́ńbà ránṣẹ́, kí n tó tẹ́tí gbọ́ ọ tán, àkókò rẹ̀ ti kọjá. Ṣé ẹ rántí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí owó náírà wọ́n bí ojú? Láti ìgbà yẹn, ẹlẹ́ja, oníbúrẹ́dì, gbogbo wọn ló ń gba transfer. Fóònù ti di àpò owó fún gbogbo wa. Ẹni tí kò lè lo áàpù, ẹ ti já àpò rẹ̀ gbà nìyẹn.

Àwọn kan máa ní, "Afọ́jú mélòó ló tiẹ̀ ń lo áàpù wa?" Kí wọ́n wọ mọ́tò dé Cappa ní Òṣòdì. Ilé ẹ̀kọ́ṣẹ́ àwọn afọ́jú wà níbẹ̀, ti ẹgbẹ́ Federal Nigeria Society for the Blind, ẹgbẹ́ tó ti wà láti àwọn ọdún 1950. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ mi ní ìwé Braille, ọ̀pá rírìn àti kọ̀ǹpútà. Oníbàárà ni àwọn tó ń jáde níbẹ̀. Wọ́n ń ra dátà, wọ́n ń sanwó áàpù bíi tiyín.

Òfin ńkọ́? Òfin wà. Ní oṣù Kìíní ọdún 2019, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ya akàndá ẹ̀dá sọ́tọ̀ lọ́nàkọnà. Owó ìtanràn mílíọ̀nù kan náírà ló wà fún iléeṣẹ́ tó bá rú u. Ìpínlẹ̀ Èkó ti ṣe tiwọn láti ọdún 2011, LASODA ló sì ń bójú tó o. Òfin ìjọba àpapọ̀ yìí fún àwọn ilé tí gbogbo èèyàn ń lò ní ọdún márùn-ún láti ṣe ọ̀nà tí akàndá ẹ̀dá lè gbà wọlé, ọdún márùn-ún ọ̀hún sì pé ní ọdún 2024. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ inú áàpù ni báńkì wà báyìí, inú áàpù ni ọjà wà. Ilẹ̀kùn tí kò lórúkọ ò yàtọ̀ sí àtẹ̀gùn tí kẹ̀kẹ́ arọ ò lè gùn.

Òfin ààbò oníbàárà, FCCPA ti ọdún 2018, tún sọ pé ẹni tó sanwó iṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ sí iṣẹ́ tó péye. Bí kò bá péye, ó lè ní kí wọ́n tún un ṣe, tàbí kí wọ́n dá lára owó rẹ̀ padà. Ibi tó ti wá di ìjà rèé: wákàtí 48 péré ni Google Play sábà máa ń fún èèyàn láti béèrè owó padà lọ́dọ̀ wọn. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di ọwọ́ ẹni tó kọ áàpù. Oṣù kẹrin ni tèmi bàjẹ́. Ẹni tó tà á fún mi ló fúnra rẹ̀ bà á jẹ́, nígbà tí owó mi ti wà lápò rẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin afọ́jú kan, Guillermo Robles, pe Domino's lẹ́jọ́ lọ́dún 2016 torí pé kò lè fi áàpù àti ìkànnì wọn ra pizza. Lọ́dún 2019, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní òfin àwọn akàndá ẹ̀dá kan áàpù náà. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ò sì gbà láti tún un gbọ́. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, òfin tuntun ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti ọjọ́ 28, oṣù Kẹfà, ọdún 2025, tó kan báńkì àti ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń kọ áàpù fún àwọn ará ibẹ̀ máa tẹ̀ lé e. Ṣé tiwa ni wọ́n máa fi sílẹ̀?

Mo mọ̀ pé iléeṣẹ́ kékeré ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, owó ò tó. Mi ò ní kí wọ́n kọ́ áàpù tuntun fún mi. Ohun mẹ́ta ni mo ń béèrè. Kí wọ́n fi TalkBack dán update wò kí wọ́n tó gbé e jáde. Bí update bá ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tó ti sanwó, kí wọ́n dá owó oṣù tó kù padà láìjẹ́ pé ó bẹ̀bẹ̀. Kí FCCPC àti LASODA sì sọ ọ́ síta gbangba pé áàpù wà lára ohun tí òfin ń wí. Ohun tó bá ojú, ó bá imú: ẹ̀yin náà ń dàgbà, ojú yín á sì ṣe bàìbàì lọ́jọ́ kan.

Oṣù mẹ́jọ ló kù nínú owó tí mo san. Mo ti kọ̀wé, wọn ò tíì dáhùn. Ní báyìí, ohùn ara mi ni mo ń gbà sílẹ̀ lórí fóònù: "Ìyá Ilasamaja, ṣíìtì méjì, owó kù." Bí mo bá fẹ́ mọ gbèsè ẹnì kan, àfi kí n gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń kọ áàpù, ẹ ṣe èyí lálẹ́ òní. Ẹ lọ sí Settings, ẹ wá Accessibility, ẹ tan TalkBack. Ẹ di ojú yín, kí ẹ wá fi ẹgbẹ̀rún kan náírà ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ yín. Bí ẹ bá dé ibi tí bọ́tìnì ò ti lórúkọ, ẹ má lajú o. Ẹ pe ọmọ ìsọ̀ kejì, kí ẹ sọ PIN yín fún un.