Ta Ni Ó Ni Kóòdù Inú Ìwé Ìlànà?

Ẹni tí ó bá fẹ́ kí orúkọ ojúlé rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ẹ, ọ tàbí ṣ nínú lè rí i gbà lónìí. Ṣùgbọ́n kí orúkọ náà tó dé ibi tí ó ń lọ, a ní láti kọ́kọ́ yí i padà sí lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì àti nọ́ńbà lásán. Ìlànà ìyípadà yìí wà nínú RFC 3492, ìwé tí Adam Costello kọ, tí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ íntánẹ́ẹ̀tì tí a ń pè ní IETF sì gbé jáde ní oṣù Kẹta ọdún 2003. Kì í ṣe àlàyé nìkan ni ó wà nínú rẹ̀. Kóòdù tí ń ṣe iṣẹ́ náà wà níbẹ̀ lódindi.

Ọ̀gbẹ́ni Costello ṣe ohun kan tí ó yẹ kí a yìn ín fún. Ó kọ ọ́ sínú ìwé náà gbangba pé ẹnikẹ́ni lè lo iṣẹ́ òun, kí ó tún un ṣe, kí ó sì pín in, bí kò bá ṣáà ti dín ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn kù, tí kò sì fi orúkọ òǹkọ̀wé tàbí ti ẹ̀dà tan ènìyàn jẹ.

Gbogbo wọn kọ́ ni ó ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú RFC 1321 ti oṣù Kẹrin ọdún 1992, níbi tí Ronald Rivest ti ṣàlàyé MD5, ọ̀nà tí a fi ń sọ ìwé gígùn di àmì kúkúrú (a kò gbọ́dọ̀ gbẹ́kẹ̀ lé e fún ààbò mọ́ lónìí), ìyọ̀ǹda wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó pàṣẹ pé kí orúkọ ilé-iṣẹ́ RSA Data Security máa bá kóòdù náà lọ níbikíbi tí a bá ti mẹ́nu kàn án. Nọ́ńbà 64 ni ó wà nínú àtẹ iṣẹ́ náà. Bí a bá ṣi ẹyọ kan kọ, èsì wa yóò yàtọ̀ sí ti gbogbo ayé. Ìdí nìyí tí àwọn ènìyàn fi ń da irú kóòdù bẹ́ẹ̀ kọ ní tààrà.

Àwọn òǹkọ̀wé mìíràn kò tilẹ̀ sọ ohunkóhun nípa kóòdù wọn. Nítorí pé a kò yọ̀ǹda kí a tún irú ìwé bẹ́ẹ̀ ṣe bí ó ti wù wá, ẹgbẹ́ Debian, tí ń pín ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́, kó àwọn ìwé RFC sí apá àwọn ohun tí kò ní òmìnira. Ní tiwa, a kò rí ọgbọ́n tí ó wà nínú kí a ní kí gbogbo ayé tọ ọ̀nà kan, kí a sì fi kọ́kọ́rọ́ ọ̀nà náà sápò.

Àtúnṣe dé ní oṣù Kọkànlá ọdún 2008 pẹ̀lú RFC 5378. Lábẹ́ ètò tuntun náà, kóòdù inú ìwé IETF ń jáde pẹ̀lú ìyọ̀ǹda BSD: ẹ lò ó, ẹ tún un ṣe, ẹ tà á bí ẹ bá fẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe yọ orúkọ ẹni tí ó ni ín àti ọ̀rọ̀ ìyọ̀ǹda náà kúrò. Síbẹ̀, ètò tuntun kò dé ẹ̀yìn. Ìwé tí ó ti jáde ṣáájú ń fẹ́ àṣẹ àwọn tí ó kọ ọ́. Bí ọ̀kan nínú wọn bá sì ti kú, ta ni a ó lọ bá?

Ẹ̀yin olùkọ́ tí ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ẹ kọ́ wọn láti wo ọjọ́ tí ìwé jáde, kí wọ́n sì ka ìyọ̀ǹda inú rẹ̀, kí wọ́n tó da ìlà kan kọ níbẹ̀. Ní ti àwọn àjọ tí ń ṣe ìlànà ní Nàìjíríà, nígbàkígbà tí wọ́n bá tẹ kóòdù sínú ìwé, kí wọ́n kọ ìyọ̀ǹda rẹ̀ sí ojú ewé kan náà, kí ọ̀dọ́ tí ń ṣe ètò tirẹ̀ ní Ìlọrin tàbí ní Kánò má baà rí ìwé agbẹjọ́rò gbà ní ọjọ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbèrú.