Kí Ọlọ́kadà Tó Ra Gílóòbù LED

Láti ọwọ́ Ọmọ Ọ̀yọ́

Bí ilẹ̀ bá ti ṣú lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, irú ọ̀kadà méjì ló máa ń dẹ́rù ba awakọ̀. Ọ̀kan, iná rẹ̀ kò ju ti àtùpà lọ, ó ti sún mọ́ni tán kó tó hàn. Èkejì, iná tirẹ̀ funfun báláú, ó ń kọ mànà sójú ẹni tó ń bọ̀, kò jẹ́ kó mọ ibi tí títì parí sí. Àkọ́kọ́ ló ń di èkejì. Ọlọ́kadà tó bá já sí kòtò lẹ́ẹ̀mejì lálẹ́ nítorí pé kò rí i, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta pààtì ló ń gbà lọ ní òwúrọ̀, LED ló sì máa béèrè. Kò jẹ̀bi. Ẹni tó gbé èrò sẹ́yìn lẹ́tọ̀ọ́ láti rí iwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n gílóòbù kọ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ náwó lé, bó bá sì máa rà á, ibi tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń balẹ̀ sí ló yẹ kó wò, kì í ṣe bó ṣe ń tàn yòò nínú ṣọ́ọ̀bù.

Gílóòbù tí wọ́n ń pè ní HS1 ló wà nínú ọ̀pọ̀ ọ̀kadà: wáàtì 35 fún fúlù, 35 fún dímù. Gílóòbù náà kò burú, ebi iná ló ń pa á. Wáyà tín-ín-rín, ṣíwíìṣì tí eruku ti kún, ibi tí wáyà ti so mọ́ ara irin ọ̀kadà tó ti dípẹtà: gbogbo wọn ló ń bù jẹ nínú iná tó yẹ kó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí fóòtì tó dé ibẹ̀ bá fi ìdá kan nínú mẹ́wàá dín, ìmọ́lẹ̀ á fi nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá dín. Rẹwáyà tó bá ha ojú wáyà mọ́, tó pààrọ̀ èyí tó ti gbó, tó sì nu gíláàsì tó ti pọ́n, lè dá ìmọ́lẹ̀ yẹn padà láìtíì fọwọ́ kan gílóòbù.

Èyí tó burú jù ni kí ènìyàn ki gílóòbù wáàtì 100 bọ ojú ihò wáàtì 35. Ááḿpù tí gílóòbù àtijọ́ ń fà kò pé 3. Wáàtì 100 á fà ju 8 lọ. Wáyà á gbóná, sọ́kẹ́ẹ̀tì á yọ́, kọ́ìlì tó ń pèsè iná nínú ẹ́ńjìnnì ò sì ní lè bọ́ ọ.

LED sàn ju ìyẹn lọ, nítorí iná díẹ̀ ló ń jẹ, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì pọ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti díjú ni inú awo dídán tó wà lẹ́yìn gílóòbù. Nínú HS1, okùn irin tín-ín-rín méjì ló ń gbóná tí wọ́n fi ń tàn. Irin pẹlẹbẹ kékeré kan wà lábẹ́ èyí tí í ṣe ti dímù, òun ló ń dí ìmọ́lẹ̀ tí awo ì bá jù sókè. Ojú ibi tí okùn yẹn wà gan-an ni wọ́n fi ṣírò bí awo náà ṣe máa tẹ̀. Bí ẹyọ LED bá fi mìlímítà díẹ̀ péré yẹ̀ kúrò níbẹ̀, ìmọ́lẹ̀ á fọ́n ká: díẹ̀ sórí igi, díẹ̀ sójú ìyá tó ń ti oko bọ̀ pẹ̀lú igi ìdáná lórí, púpọ̀ síwájú táyà. Ti iwájú táyà yìí ló ń tan ọlọ́kadà jẹ. Ilẹ̀ mọ́ kedere nítòsí, ọmọ ẹyinjú rẹ̀ á sún kì, òkùnkùn tó wà lọ́ọ̀ọ́kán á wá ṣú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nígbà ọyẹ́, tí kùrukùru bá bolẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tó fò sókè náà á padà wá bá ojú ẹni tó tàn án.

Àwọn ará Jámánì kò fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Ọdún 2020 ni Osram, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe gílóòbù, gbé gílóòbù LED àkọ́kọ́ tí òfin ibẹ̀ fàyè gbà láti fi rọ́pò ti àtijọ́ jáde. Síbẹ̀, irú ọkọ̀ tí wọ́n ti dán an wò nínú iná rẹ̀, tó sì wà nínú ìwé àṣẹ, nìkan ló lè lò ó. Ní Nàìjíríà, ohun tí wọ́n kọ sára páálí ni ọ̀pọ̀ ń gbà gbọ́. Páálí kì í sì í sọ fún ọlọ́kadà pé bí iná iwájú rẹ̀ bá ń ti kọ́ìlì wá tààrà, tó ń rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹ́ńjìnnì bá wà ní sílò, LED tí wọn kò ṣe fún irú iná bẹ́ẹ̀ á máa ṣẹ́jú níbẹ̀.

Ògiri ló mọ òtítọ́. Kí wọ́n gbé ọ̀kadà sí ilẹ̀ tó tẹ́jú, mítà 10 sí ògiri, kí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí ògiri ní ìwọ̀n gíga tí iná náà wà. Bí wọ́n bá tan dímù, kí orí ìmọ́lẹ̀ wà ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10 nísàlẹ̀ ìlà, kó sì ní etí tó ṣeé fojú rí. LED tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ bá kún gbogbo ògiri, kí wọ́n dá a padà fún ẹni tó tà á. Kí wọ́n má sì ṣe é pẹ̀lú ọ̀kadà lásán: èrò àti ẹrù a máa tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ sílẹ̀, a sì máa gbé imú iná sókè, bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe ń rìn ní gbogbo alẹ́.

Ẹgbẹ́ ọlọ́kadà tó ń gba owó tíkẹ́ẹ̀tì lójoojúmọ́ lè fi ọ̀dà fa irú ìlà bẹ́ẹ̀ sí ògiri gáréèjì kọ̀ọ̀kan. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó náà, bí wọ́n bá dá ọ̀kadà dúró lálẹ́, kí wọ́n wo ibi tí iná rẹ̀ kọjú sí kí wọ́n tó béèrè ìwé.